Òòfà Tí Mo Fi Tan Ilé Mi Jẹ

Nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, Virgil ọkọ mi ṣì wà láyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iyè rẹ̀ ti ń ra. Opal ọ̀rẹ́ mi ṣì wà láyé, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Darrell Pruitt náà wà láyé, ọkùnrin ẹni ogójì ọdún, tó ń bá wọn so wáyà agogo ìdágìrì sára ilé káàkiri àdúgbò wa nítòsí Dayton. Nínú gbogbo wọn, èmi Delphia nìkan ni mo ṣẹ́kù, mo sì ti pé ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Dókítà sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ọkàn mi ti rẹ̀, kò ní pẹ́ mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú pẹ́ńsù. Ìwé kẹta ni mo kà kí bàbá mi tó mú mi kúrò nílé ìwé lórí òkè Kentucky, torí náà ẹ má wo ọwọ́ ìkọ̀wé mi, ohun tí mo ń sọ ni kí ẹ wò. Rhonda, ìyàwó Darrell, ìwọ ni mo ń kọ ọ́ sí. Noreen, ọmọ mi, jókòó tì í kí ẹ jọ kà á. Irọ́ ọdún mọ́kànlá ni mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ yìí, mi ò sì fẹ́ gbé e wọ inú ilẹ̀.

Ní àdúgbò wa, àlejò àti oníwàásù ló ń lo ilẹ̀kùn iwájú. Àwa onílé, inú ilé mọ́tò la ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà la ń gbà jáde. A ó tẹ bọ́tìnì lára ògiri, ilẹ̀kùn ńlá náà á fi iná mànàmáná ká ara rẹ̀ sókè, á máa kùn bí ẹni tí inú ń bí. Nígbà tí Virgil bẹ̀rẹ̀ sí í ṣáko lọ, ibẹ̀ lòun náà ń gbà. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń to mọ́tò, iṣẹ́ ọ̀sán ló sì máa ń wọ̀, láti aago mẹ́ta. Bí ọ̀sán bá ti ń yí, á gbé agolo oúnjẹ rẹ̀, á ní, "Delphie, mo ti ń pẹ́ o!" Èmi á ní, "Virgil, wọ́n ti ti ilé iṣẹ́ yẹn pa tipẹ́." Á wò mí bí ẹni pé èmi ni iyè mi ń ra.

Noreen ló bẹ Darrell níṣẹ́. Ó so ilẹ̀kùn ilé mọ́tò pọ̀ mọ́ agogo inú ilé, tó fi jẹ́ pé bí ilẹ̀kùn bá ti gbéra, agogo á han, fóònù Noreen náà á sì dún níbi tó wà ní Columbus. Darrell pè mí pé, "Mama, ẹ wá wò ó. Òòfà kékeré yìí wà lára ilẹ̀kùn. Èkejì rẹ̀ tó ní wáyà rèé nílẹ̀. Tí wọ́n bá wà nítòsí ara wọn, ilé gbà pé ilẹ̀kùn wà ní títì. Tí wọ́n bá lè pínyà báyìí, ariwo ni!"

Mo ní, "Ṣé ilé ò lójú ni?"

"Kò lójú rárá. Òòfà nìkan ló mọ̀. Ó dà bí ọkọ tó gbọ́ òórùn oúnjẹ, tó wá rò pé ìyàwó òun wà nílé."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dán an wò lójú mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni agogo náà han. Virgil fi ọwọ́ di etí. "Ta ló ń pa ẹlẹ́dẹ̀?" Darrell bá wa jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo lọ́jọ́ yẹn. Ó bọ́ bàtà kó tó tẹ kápẹ́ẹ̀tì mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣe mí. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, bí Virgil bá ti sùn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo máa ń yọ́ wa mọ́tò lọ sọ́dọ̀ Opal ká lọ ta káàdì. Wákàtí méjì péré. Lẹ́yìn tí Darrell ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, mi ò tíì dé ìkóríta tí fóònù mi fi dún. "Màmá, ilẹ̀kùn ṣí. Níbo lẹ ń lọ?" Mo ní mo fẹ́ ra mílíìkì. "Ta ló wà lọ́dọ̀ Dádì?" Mo yí mọ́tò padà. Lọ́sẹ̀ kejì: "Mílíìkì náà tún ni? Ṣé ọmọ màlúù lẹ ń tọ́ ni?" Opal tún fi iyọ̀ sí i. "Ọmọ tí o bí ló há ọ mọ́lé yìí, Delphia. Ṣé kí n wá bá ọ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀?" Ó dùn mí. Noreen ti bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí ẹnì kan máa wá jókòó ti bàbá òun lọ́jọ́ náà, mo kọ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá wo bí ilé mi ṣe dà. Ìgbéraga ni, mi ò ní pè é lórúkọ mìíràn.

Virgil ní òòfà ńlá kan tó fi ń ṣa ìṣó tó bá jábọ́. Mo kúnlẹ̀ nínú ilé mọ́tò, mo gbé e ti èyí tó ní wáyà nílẹ̀, mo tẹ bọ́tìnì. Ilẹ̀kùn gòkè, ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Inú mi dùn bí ọmọ tó jí ṣúgà lá. Ọjọ́bọ̀ mẹ́rin ni mo ṣe é, tí mo bá sì padà dé, tí ilẹ̀kùn ti sọ̀ kalẹ̀, màá yọ ọ́ kúrò.

Ọjọ́bọ̀ karùn-ún bọ́ sínú oṣù Kìíní. Yìnyín ti ń bọ́ láti àárọ̀. Virgil ń hanrun lórí àga rẹ̀ nígbà tí mo gbé òòfà síbẹ̀, tí mo sì wa mọ́tò lọ. Nígbà tí mo fẹ́ dìde ńdìí káàdì, Opal ní, "Ẹ̀ẹ̀kan sí i, àbí ẹ̀rù Noreen ń bà ọ́?" Mo jókòó padà. Aago mẹ́rin kọjá kí n tó délé. Ilẹ̀kùn ńlá wà lókè, yìnyín ń fẹ́ wọlé, àga Virgil ṣófo. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe rèé. Mi ò pe ọlọ́pàá. Mo tẹ bọ́tìnì kí ilẹ̀kùn sọ̀ kalẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo yọ òòfà, mo rì í sínú garawa ìyẹ̀fun, mo wá ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ọlọ́pàá. Mo ní mo ń sùn ni, pé nígbà tí mo jí, mo bá ilẹ̀kùn ilé mọ́tò ní ṣíṣí, mo sì tì í. Wọ́n rí i lẹ́yìn ọgbà ilé iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, bàtà inú ilé ló wọ̀, ó gbá agolo oúnjẹ mọ́ra. Ó lo òru méjì nílé ìwòsàn, ó kú láàárọ̀ Àbámẹ́ta.

Noreen ń pariwo pé kí ló dé tí fóònù òun ò dún. Àwọn ọ̀gá Darrell wá, wọ́n dán an wò, ó ń ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ ní ilẹ̀kùn ò ṣí rárá lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní Darrell ò de òòfà náà le, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fi ń ṣe bó ṣe wù ú. Darrell kọjú sí mi lójú gbogbo wọn. "Mama, ẹ kúkú wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta la dán an wò."

Mo ní, "Ọmọ mi, kí ni èmi mọ̀ nípa wáyà?"

Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Opal pè mí, ó ní, "Ṣé o sọ fún wọn pé o wà lọ́dọ̀ mi?" Mo ní rárá. Ó ní, "Èmi náà ò rí ọ, nígbà náà." Ó gbé àṣírí náà lọ sí sàréè.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Lẹ́yìn oṣù kan, Darrell wá sí ẹnu ilẹ̀kùn iwájú bí àlejò, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ ti jìn. "Mama, mi ò rí oorun sùn. Mo rò ó títí. Ó lè jẹ́ pé mi ò dè é dáadáa lóòótọ́. Ẹ dárí jì mí." Ẹnu mi ì bá là nígbà yẹn. Mo gbé ọwọ́ lé e léjìká, mo ní, "Mo dárí jì ọ́, Darrell." Ó sunkún. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Láti ìgbà náà, bí yìnyín bá ti bọ́, Darrell á wá kó o kúrò níwájú ilé mọ́tò mi. Ọdún mọ́kànlá. Kò fọwọ́ kan wáyà mọ́, ilẹ̀ ilé ìwé ló ń nù. Lọ́dọọdún ni mò ń sọ pé bí yìnyín bá tún bọ́, màá sọ fún un. Noreen, dárí jì mí nítorí bàbá rẹ. Rhonda, mi ò lẹ́nu tí mo fi lè bẹ̀ ọ́, ṣùgbọ́n mò ń bẹ̀ ọ́. Sọ fún àwọn ọmọ rẹ pé iṣẹ́ ọwọ́ bàbá wọn ò ní àbùkù kankan. Ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi, bí ẹnikẹ́ni bá ń bẹ̀ yín nítorí ohun tí ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ṣe é, ẹ dá a dúró kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Ní oṣù Kejì tó kọjá, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, yìnyín mu wá dé orúnkún. Mo ti pinnu. Mo ṣí fèrèsé, mo pè é. "Darrell, wọlé, mo ní ọ̀rọ̀ kan bá ọ sọ." Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n parí apá ibí yìí ná, Mama." Mo lọ gbé kọfí kaná. Nígbà tí mo padà, ó ti jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó gbórí lé ọwọ́ ìwakọ̀. Mo rò pé ó ń sinmi ni, mo ní kí n jẹ́ kó sinmi díẹ̀. Mo jókòó sídìí fèrèsé, mò ń to ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún un, mò ń tún un tò. Kọfí ti tutù kí n tó jáde lọ kan gíláàsì ọkọ̀ náà. Ọkàn rẹ̀ ló dá dúró, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta.