Sàlẹ́ńsà Tí Jẹ́jẹ́ Fi Sábẹ́ Ọkọ̀ Mi

Ẹ wò ó! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣíìnnì ìránṣọ yẹn ná, kí ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Rárá, n kò ní jókòó. Ẹni tí ojú tì ní gbangba kì í tètè rí ìjókòó. Púlọ́ọ̀gì nìyí, ọ̀kan nínú àwọn ohun kékeré mẹ́jọ tó ń ṣáná fún ẹ́ńjìnì ọkọ̀ mi, òun ni ó ta jáde láàárọ̀ yìí bí ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé, ó dún gbàù, ó fi orí sọ bọ́nẹ́ẹ̀tì nínú, níwájú ilé iṣẹ́ àwọn tó ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá bá wọn pa ariwo ẹ̀rọ wọn. Ariwo, ẹ̀gbọ́n mi! Èmi tí mo fi ọdún gbọọrọ kọ́ bí a ṣe ń pa ariwo ní yunifásítì òkèèrè, èmi ni mo ru ariwo wọlé tọ̀ wọ́n lọ!

Mo mọ̀, mo mọ̀, aṣọ oníbàárà ni mo gbé e lé. Mo ti gbé e kúrò. Òróró náà kò tó nǹkan. Ẹ má sì tíì dá mi lóhùn, nítorí abẹ́rẹ́ kún àárín ètè yín, n kò sì fẹ́ kí ẹ gbé ọ̀kan mì nítorí ọ̀rọ̀ Jẹ́jẹ́.

Jẹ́jẹ́! Kí ilẹ̀ kí ó dẹ̀ fún màmá wa, ṣùgbọ́n kí ni wọ́n rí lára àbíkẹ́yìn wọn yẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Jẹ́jẹ́? Ẹni tí kò fi jẹ́jẹ́ ṣílẹ̀kùn rí, tí kò fi jẹ́jẹ́ jẹun rí! Mo ti gbé àpótí rẹ̀ síta. Bẹ́ẹ̀ ni. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà báyìí, mo sì to bàtà rẹ̀ lé e lórí. Kí oòrùn tó wọ̀, yóò kúrò nílé mi. Ohun tí mo wá sọ nìyẹn, kí ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ àgbà wa má ba à gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. N kò wá gba ẹ̀bẹ̀. Mo ti búra.

Ẹ ń mi orí. Ẹ ń mi orí nítorí pé ẹ kò tíì gbọ́ ọ tán.

Ṣé ẹ rántí bí mo ṣe ṣe wàhálà tó kí n tó yan sàlẹ́ńsà ọkọ̀ náà? Ẹ rò pé páìpù lásán ni, tó ń gbé èéfín jáde nídìí ọkọ̀. Kì í ṣe páìpù lásán o! Ẹ́ńjìnì tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ yẹn, bí a kò bá fún un ní ọ̀nà tó fẹ̀ láti mí, a máa sín, a máa wúkọ́, agbára rẹ̀ a sì dín kù. Bí a bá sì fún un ní ọ̀nà tó fẹ̀ jù láìsí ohun tó ń gba ohùn mọ́ra nínú rẹ̀, a máa ké bí ẹranko tí tàkúté mú. Mo wo oríṣiríṣi. Mo wo èyí tí kì í dípẹtà, mo wo ẹlẹ́nu méjì, mo kọ èyí tó fún jù, mo kọ èyí tó wúwo jù. Èyí tí mo yàn nígbẹ̀yìn, èmi fúnra mi ni mo wọn inú rẹ̀. Agbára ọkọ̀ kò dín, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀ bí ohùn àlejò tó ń kí onílé láàárọ̀. Bí mo bá wọ àgbàlá wa, ológbò tó sùn sórí odi kì í la ojú. Ẹ̀yin gan-an yìn ín! Ẹ ní ọkọ̀ mi ní ẹ̀kọ́ ilé.

Ni mo bá rìnrìn àjò iṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Mo fún Jẹ́jẹ́ ní kọ́kọ́rọ́, mo ní kó máa tan ọkọ̀ náà láràárọ̀ kí bátìrì má ba à kú. Kó tan án, kó pa á. Èwo ni kò yé e níbẹ̀? Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà! Wẹ́dà tó ń jó irin géètì pọ̀! Wọ́n gé sàlẹ́ńsà mi bí ẹni gé ìrèké, wọ́n jó agolo òfìfo kan síbẹ̀, tó jẹ́ pé bí ẹ bá fi ìka kàn án yóò dún gbọ̀ngàn bí garawa. Ojú ibi tí wọ́n jó ńkọ́? Ó wú gùdùgúdú, ó dúdú, ó rí bí egbò tí ẹnikẹ́ni kò wẹ̀. Ìríra gbáà! Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kan péré. Kì í bá ṣe pé ṣọ́ọ̀bù yín nìyí, ǹ bá tutọ́ sílẹ̀.

Bó bá sì dúró níbẹ̀, ìbá sàn. Kò dúró. Ó tún gbé ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì kan tí wọ́n ń pè ní Kíákíá. Jẹ́jẹ́ fa ọkọ̀ lé Kíákíá lọ́wọ́, kí ni ẹ rò pé yóò tìdí rẹ̀ yọ? Kíákíá ní ọkọ̀ tó ti gba ohùn tuntun gbọ́dọ̀ gba púlọ́ọ̀gì tuntun, ó ní ẹnu tuntun kì í lo eyín àtijọ́. Ẹ gbọ́ òwe! Ẹ́ńjìnì náà sì gbóná, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wà á dé ni, ẹ lè din ẹyin lórí rẹ̀. Orí ẹ́ńjìnì yẹn kì í ṣe irin líle, irin fúyẹ́ ni, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò, bó bá gbóná, rírọ̀ ni. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ṣé ọbẹ̀ nìkan ni wọ́n pa òwe yẹn fún ni? Ó ki sípánà bọ̀ ọ́, ó fi páìpù gígùn kún ìdí sípánà, ó fi gbogbo ara gbọn ọ́n. Púlọ́ọ̀gì jáde lóòótọ́, àwọn eyín wínníwínní inú ihò tó ń di púlọ́ọ̀gì mú sì bá a jáde. Ẹ wò ó, ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù nínú ihò náà ló wé mọ́ èyí lára.

Ó rí i o! Ó rí i. Kí ni ó wá ṣe? Ó ta gọ́ọ̀mù sí púlọ́ọ̀gì tuntun yìí, ó fi dí ihò náà. Gọ́ọ̀mù bàtà, ẹ̀gbọ́n mi! Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi nígbà tó wá fi okùn fa ọkọ̀ láàárọ̀ yìí, ó ń fi ẹ̀rín sọ ọ́, ó ní, “Ọ̀gá, gọ́ọ̀mù yẹn ìbá mú, ẹ̀yin ni ẹ tẹná jù.” Èmi ni mo tẹná jù!

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu yín.

Ọjọ́ tí mo ti ìrìn àjò dé tí mo kọ́kọ́ tan án, mo rò pé ilé ẹnìkan ló wó. Àwọn ọmọ àdúgbò pàtẹ́wọ́ fún mi. Bàbá wa pàápàá jáde! Bàbá, tó jẹ́ pé ìdí fèrèsé nínú àga ni mo ti ń bá wọn nírọ̀lẹ́, tí wọn yóò ta gìrì bí ẹni rí òkú nígbà tí mo bá fọwọ́ kàn wọ́n léjìká, àwọn ló fi ọ̀pá tilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n dúró, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Baba arúgbó! Wọ́n ń fi ẹ̀rín bo ìtìjú mi. Ariwo náà sì ti ba ìsinmi wọn jẹ́ pátápátá, nítorí láti ìgbà náà, bí mo bá ti yọ ní kọ̀rọ̀ báyìí, wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà.

Iṣẹ́ kò sì tíì jẹ́ kí n ráyè tún un ṣe. Ẹ wá fojú inú wo tàárọ̀ yìí. Mo wọ aṣọ tó bá iṣẹ́ mu. Mo dé géètì ilé iṣẹ́ náà, ẹ̀ṣọ́ ti di etí rẹ̀ kí n tó sọ gíláàsì kalẹ̀. Mo ní kí n rọra tẹná wọlé, gbàù! Púlọ́ọ̀gì lọ, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí tú èémí fìì, fìì, fìì, òórùn epo gba gbogbo ibẹ̀. Ọ̀gá wọn jáde, ó wo ọkọ̀, ó wò mí, ó ní, “Ṣé ẹ̀yin ni ọ̀mọ̀wé tó fẹ́ wá bá wa pa ariwo?” Kí n tó la ẹnu, òṣìṣẹ́ kan ti fọhùn lẹ́yìn pé, “Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé, wọ́n gbé àpẹẹrẹ rẹ̀ dání ni.” Ilẹ̀ kò lanu gbé mi mì!

Mo délé, mo pe Jẹ́jẹ́. Mo ní ta ló rán ọ? Ó wolẹ̀. Mo ní kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́? Ó wolẹ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun! Mo gbé àpótí rẹ̀ kọjá níwájú rẹ̀, ó wolẹ̀. Olè a máa purọ́, ó kéré tán, kí a lè mọ̀ pé ojú ń tì í. Èyí kò tilẹ̀ kà mí sí ẹni tó yẹ kó purọ́ fún!

Kí lẹ ń ṣe? Kí ló dé tí ẹ ń yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan? Ẹ má pa òwe sùúrù fún mi o.

Kí lẹ wí?

Ta ni? Bàbá wo? Bàbá *wa*?

Rárá. Ẹ tún un sọ. Bàbá ló rán an... Bàbá ló ní kí wọ́n wá ohùn sí ọkọ̀ mi. Nítorí kí ni? Pé etí wọn kò gbé ohun tó bá rọlẹ̀ mọ́. Pé láti ìgbà tí mo ti dé, wọn kò mọ ìgbà tí mo jáde, wọn kò mọ ìgbà tí mo wọlé, àfi bí wọ́n bá jókòó ti fèrèsé. Pé gbogbo ọdún tí mo fi wà lókèèrè ni wọ́n fi ń retí ìró ọkọ̀ tí yóò gbé mi dé, mo wá dé tán, ọkọ̀ mi kò ní ìró.

Kí ló dé tí wọn kò sọ fún mi? Háà. Kí n má ba à máa wọn etí àwọn bí ẹni wọn páìpù. Ohun tí wọ́n sọ gan-an nìyẹn? Wọ́n sì mú Jẹ́jẹ́ búra pé kò ní yanu.

Ẹ̀yin mọ̀! Ẹ mọ̀, ẹ sì ń rán aṣọ!

Hẹ̀. Hẹ̀ẹ̀! Ẹ wò ó, mo ń rẹ́rìn-ín. Ẹ fún mi ní àjákù aṣọ kan jàre, òróró ti kàn mí lójú.

Ó dáa. Ẹ bá mi ránṣẹ́ sí Jẹ́jẹ́. Mo búra pé yóò kúrò nílé mi kí oòrùn tó wọ̀, n kì í sì í yẹ ìbúra: kó kúrò, kó lọ gba àwọn púlọ́ọ̀gì mi àtijọ́ lọ́wọ́ Kíákíá, kó sì padà wálé, kó gbé àpótí rẹ̀ wọlé. Kíákíá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì mi mọ́ láyé yìí. N ó wá ẹni tí yóò fi eyín mìíràn sínú ihò yẹn, ẹni tó lè jókòó ti ẹ́ńjìnì títí yóò fi tutù. Bí mo bá sì ń lọ síbi iṣẹ́ àwọn èèyàn yẹn, n ó páàkì sí òpópónà kejì, n ó fẹsẹ̀ rìn.

Sàlẹ́ńsà yẹn, ẹ̀gbin ni. Mo tún un sọ, ẹ̀gbin ni, wẹ́dà tó jó o kò mọṣẹ́, ohùn rẹ̀ kò ní láárí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yọ ọ́ lábẹ́ ọkọ̀ mi níwọ̀n ìgbà tí bàbá wa ṣì ń jókòó ti fèrèsé, ì báà ṣe Jẹ́jẹ́, ì báà ṣe wẹ́dà, ì báà ṣe ẹ̀yin tí mo ń bá sọ̀rọ̀ yìí, kí púlọ́ọ̀gì máa ta jáde nínú ọkọ̀ rẹ̀ ní gbogbo oríta, kí òjò sì máa bá a níbẹ̀!