Ẹsẹ̀ Ìyàwó

Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà, tí àwọn onígbàgbọ́ ò tíì pọ̀ ní Ṣàgámù. Mo ń ṣa obì tí mo fẹ́ rà lọ́jà Ọ̀fin ni mo gbọ́ tí àbúrò ìyá olóbì ń bẹ̀ ẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí. Obì yín tó jẹrà lọ́jọ́sí, èmi ni mi ò pààrọ̀ ewé inú agbọ̀n. Kì í ṣe ẹsẹ̀ ìyàwó ọmọ yín ló fà á.”

“Kí lo wí? Ọmọ tí mo lé padà sí Simawa pé ẹsẹ̀ rẹ̀ burú?”

“Mo ti jẹ́wọ́ fún Jésù, ó ti dárí jì mí. Mo ti bọ́.”

“Ìwọ bọ́! Ọmọ ọlọ́mọ tó ń jẹ́ olórí burúkú nílé bàbá rẹ̀, ṣé òun náà ti bọ́? Dìde! Simawa là ń lọ. Wàá tún un wí lójú àwọn òbí rẹ̀.”

“Ẹ̀yin náà ń lọ?”

“Ṣé ìwọ lo lé e ni? Má bá mi sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà o!”

Ìyá olóbì kó gbogbo obì tí mo ti ṣà kúrò níwájú mi, ó fi ewé tútù dì í.

“Má bínú, ìyàwó. Mo fẹ́ fi bẹ ẹnì kan bíi tìrẹ ni.”