Orúkọ Tí Mo Kọ fún Ọmọ Sìdíkátù

Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sí àárọ̀ kan tí Sìdíkátù kì í ṣàdúrà fún mi. Yàrá tèmi ló kọjú sí tirẹ̀ lórí òkè An-Nakkasah níbí, ní Mẹ́kà. Bó bá ti ṣílẹ̀kùn tó rí mi, á ní, "Àlàájà, Ọlọ́run ò ní fi ọmọ dá yín lóró." Èmi á ní àmín. Ẹnu lásán ni mo fi ń ṣe é, nítorí mo mọ ohun tó fa ikú Ràfíátù ọmọ rẹ̀, òun kò mọ̀ ọ́n. Ó ti lé ní oṣù mẹ́ta báyìí tí mi ò ti jẹun yó. Mi ò lè sọ ọ́ fún ọkọ mi, mi ò sì lè sọ ọ́ fún àwọn obìnrin tí a jọ ń gbé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí èmi àti ọkọ mi wá ṣe Úmúrà, ìyẹn Hájì kékeré, tí a kò padà sílé mọ́. Òun ń bá wọn tún ilé ìtura ṣe, bí Hájì bá sì dé, á lọ máa kó ìdọ̀tí ní Mínà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mẹ́kà níbí. Èmi ń fọ abọ́ nílé onílé. A kò ní ìkámà, ìyẹn ìwé ìgbélùú, Sìdíkátù náà kò ní. Jédà ni wọ́n ti mú ọkọ tirẹ̀, tí wọ́n dá a padà sí Nàìjíríà nígbà tí oyún ọmọ kejì ṣì wà nínú ìyàwó rẹ̀. Ọwọ́ mi ni wọ́n bí ọmọ yẹn sí. Bí Sìdíkátù bá lọ síbi iṣẹ́, ọ̀dọ̀ mi ni àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì máa ń wà, Ràfíátù àti Músínì àbúrò rẹ̀. Ẹ wá rí i pé kì í ṣe ọmọ àjèjì ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

Ẹgbẹ́ aláàánú kan wà tó ń pín oúnjẹ fún wa lóṣooṣù: ìrẹsì, òróró, mílíìkì, dàbínù. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Nádíyà ló ń bójú tó tiwa. Mẹ́kà níbí ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ àgbà ló wá ṣe Hájì nígbà kan tí kò lọ mọ́. Nítorí pé mo ti kéwú dáadáa kí n tó kúrò ní Ìlọrin, tí mo lè kọ Lárúbáwá, Nádíyà ní kí n máa kọ orúkọ àwọn Yorùbá àdúgbò wa sílẹ̀. Ẹ ò lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó! Èmi tí mò ń fọ abọ́ wá di ẹni tí àwọn obìnrin ń dìde fún kó jókòó.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kí n kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rù bà mí. Mo rò ó pé bí ìwé yẹn bá bọ́ sọ́wọ́ àwọn jàwásáàtì, àwọn tó ń mú ẹni tí kò níwèé, orúkọ ọmọ ni wọ́n máa tẹ̀ lé dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Mo kọ iye ọmọ bó ṣe wà kí oúnjẹ má baà dín, ṣùgbọ́n orúkọ tó bá ti wá sí mi lọ́kàn ni mo fún wọn. Ràfíátù, ọmọ ọdún mẹ́fà, ni mo kọ sí Hàlímà. Àwọn ọmọ tèmi méjèèjì náà, irọ́ ni mo kọ. Oúnjẹ ń wọlé, ta ló fẹ́ yẹ orúkọ wò?

Ó di ọjọ́ kan, Nádíyà pè mí sí ọ́fíìsì wọn. Ojú rẹ̀ ń dán. "Àlàájà, kháláàsì, wàhálà ti tán," ló wí. "Ẹ ò ní kọ fọ́ọ̀mù kankan. Orúkọ inú ìwé oúnjẹ yẹn náà ni wọ́n máa fi ṣe táámìnì fún àwọn ọmọ." Mo béèrè ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní ètò ìbánigbófò ti ìjọba ni, pé ọmọ tó bá ti ní káàdì rẹ̀ á gba ìtọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́, wọn ò sì ní béèrè ìkámà ìyá tàbí ti bàbá. Ó na ìwé náà sí mi. "Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, ẹ sọ fún mi kó tó di Ọjọ́bọ̀."

Ẹ wò ó, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti jẹ́wọ́. Mo mú bírò, mo tún orúkọ àwọn ọmọ tèmi kọ, mo ní ọwọ́ ló ṣì mí.

"Àwọn méjì yìí nìkan?" Nádíyà béèrè.

"Àwọn méjì yìí nìkan," mo dáhùn.

Bí mo bá tún gbogbo rẹ̀ ṣe, á mọ̀ pé irọ́ ni mo ti ń pa látilẹ̀, á gba ìwé lọ́wọ́ mi, àwọn obìnrin á sì gbọ́. Mo sọ fún ara mi pé màá wá nǹkan ṣe sí ti àwọn yòókù tó bá yá. Títí káàdì fi dé, mi ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo tún pín in fún wọn. Wọn ò mọ Lárúbáwá kà, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé orúkọ tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọ òun. Sìdíkátù kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ń fi káàdì náà kan iwájú orí, nítorí Ràfíátù ní ikọ́ fée, àgbo nìkan ni ìyá rẹ̀ sì ti ń fún un mu.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ìjì eruku fẹ́, ikọ́ náà sì gbé ọmọ. Èémí rẹ̀ ń dún bí ìfé, ètè rẹ̀ ti ń ṣú. Sìdíkátù gbé e, èmi náà tẹ̀ lé wọn kí n lè bá a sọ Lárúbáwá nílé ìwòsàn. Obìnrin kan ló jókòó síbi tí wọ́n ti ń gba káàdì. Ó rẹ́rìn-ín sí ọmọ náà kí ara rẹ̀ lè balẹ̀, ó bi í pé kí lorúkọ rẹ. Ràfíátù tiraka, ó mí, ó tún mí, ó ní, "Ràfíà."

Obìnrin náà wo káàdì, Hàlímà ló rí níbẹ̀. Ó wò wá. Ó ní káàdì ọmọ ta la mú wá yìí?

"Àlàájà, kí ló ń wí?" Sìdíkátù bi mí.

Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Kí n ṣáà sọ pé, "Èmi ni mo ṣi orúkọ kọ." Mo mọ̀ ọ́n sọ ní Lárúbáwá, mo mọ̀ ọ́n sọ ní Yorùbá. Irọ́ ni mo pa. Mo ní, "Ó ní ká dúró ná." Obìnrin náà gbé fóònù. Sìdíkátù rò pé ọlọ́pàá ló ń pè, bí àwọn kan ṣe pe ọlọ́pàá wá mú ọkọ rẹ̀ ní Jédà. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti gbé ọmọ rẹ̀ sá jáde. Takisí la wọ̀, à ń lọ bá nọ́ọ̀sì kan tó máa ń ran àwọn ọmọ Nàìjíríà lọ́wọ́ ní àdúgbò Al-Ka'kiyah. Orí itan mi ni ẹsẹ̀ Ràfíátù wà. Mo mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ náà rọ̀.

Lẹ́yìn tí a sin ín, Nádíyà sọ fún mi pé obìnrin ilé ìwòsàn yẹn ti wá béèrè wa lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ wọn. Dókítà ló ń pè lọ́jọ́ náà. Ó ń sọ fún un pé kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú ọmọ, kí wọ́n wá yanjú ọ̀rọ̀ káàdì tó bá yá. Ìgbà tí dókítà jáde, kò bá wa. Mo ní kí Nádíyà bá mi tún orúkọ gbogbo àwọn ọmọ tó kù ṣe. Ó wò mí, ó sì tún un ṣe.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni Sìdíkátù wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú bébà àti bírò. Ó ní Nádíyà ti gbà, láì bi òun ní ẹni tí òun fẹ́ fi sùn, láti bá òun fi ìwé ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí ọ̀gá ilé ìwòsàn náà, kí wọ́n lè lé obìnrin tó gba káàdì lọ́wọ́ wa yẹn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní nínú gbogbo àwa Yorùbá àdúgbò yìí, kò sẹ́ni tó lè bá òun kọ ọ́ ní Lárúbáwá bí kò ṣe èmi. "Ẹ kọ ọ́ kó le, Àlàájà. Ẹ kọ ọ́ pé òun ló pa ọmọ mi."

Bébà náà ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Bí mo bá kọ ọ́, mo ti fi ẹ̀bi tèmi lé ẹni tó fẹ́ gba ọmọ náà là lórí. Bí mo bá sọ òótọ́, ṣé Sìdíkátù á tún lè wo ojú mi? Ta ni yóò máa bá a mú Músínì dání tó bá lọ síbi iṣẹ́, nínú ìlú tí kò ti ní ẹbí? Ọ̀la ló ní òun ń bọ̀ wá gba ìwé náà. Ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ, ẹ̀yin tí ẹ ti sin ọmọ rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Kí ni kí n kọ?