Ẹṣin Alámì Tótòtó Tí A Rà ní Sábó

Ta ló sọ fún yín pé àwọn ẹbí wa ní Àpáta ló ta ẹṣin afọ́jú fún bàbá mi? Ẹ pa rédíò yẹn. Ẹ jókòó.

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, láyé òyìnbó, Dùgbẹ̀ là ń gbé. Bàbá mi ń ta pákó níbẹ̀. Èmi ò pẹ́ nílé ìwé, ẹ̀kọ ni mò ń bá ìyá mi tà ní Sábó, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ èdè Haúsá. Kò sí ẹlòmíì tó gbọ́ ọ nílé wa.

Bàbá mi fẹ́ ra ẹṣin tí wọ́n máa gùn lọ sí Yídì lọ́jọ́ Iléyá. Àbúrò wọn, Bàbá Sàlámì, ní àwọn mọ Màláàmù kan ní Sábó tó ń padà sí Kánò, tó fẹ́ ta ẹṣin rẹ̀. Kì í ṣe lọ́jà o, ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni. Àwa mẹ́ta la lọ. Èmi ni ògbufọ̀.

Háà, ẹṣin! Funfun ni, àmì dúdú wá kún ara rẹ̀ tótòtó, bí ẹni fọ́n kóró ìbẹ́pẹ sórí aṣọ àlà. Ẹ̀yin, inú fóònù lẹ ti ń rajà, àwòrán lẹ̀ ń tẹ̀. Nígbà náà, wọ́n á ya ẹnu ẹṣin, wọ́n á wo eyín, wọ́n á gbé pátákò. Bàbá mi ṣe gbogbo ẹ̀. Ojú nìkan ni wọn ò yẹ̀ wò. Àmì ńlá kan ló bo ọ̀kan níbẹ̀...

Màláàmù sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀, ó ń nawọ́ síbí, ó ń nawọ́ sọ́hùn-ún. Bàbá mi ní, "Àṣàkẹ́, kí ló wí?"

Mo ní, "Ó ní ẹṣin dáadáa ni, kẹ́ ẹ máa rọra gùn ún."

Bàbá Sàlámì bú sẹ́rìn-ín. "Gbogbo àròyé yẹn, ohun tó wà ńbẹ̀ ò ju ìyẹn lọ? Haúsá mà ń fẹnu ṣòfò o!"

Bá a ṣe fà á dé Dùgbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ mi pariwo, "Àṣàkẹ́, ọmọ ẹlẹ́ṣin!" Orí mi wú. Àwọn ará ilé ọkọ àfẹ́sọ́nà mi máa wà ní Yídì, mo fẹ́ kí wọ́n rí wa.

Ọjọ́ Iléyá pé. A ò tíì kọjá ojú irin tí ẹnì kan gun kẹ̀kẹ́ yọ lápá òsì, ó tẹ aago. Ẹṣin ta gìrì, ó gbẹ́sẹ̀ sókè. Bàbá mi já lulẹ̀, itan wọn dá. Wọ́n to eegun, to eegun, bàbá mi tiro títí wọ́n fi kú. Wọn ò gbé pákó mọ́.

Ọjọ́ náà lẹnì kan ju ọwọ́ síwájú ojú òsì ẹṣin. Kò ṣẹ́jú. Ó ti fọ́.

Màláàmù ti wọ rélùwéè lọ. Ta ló kù? Bàbá mi ní, "Sàlámì, ìwọ lo mú mi lọ! Kí ni wọ́n fún ọ jẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n, mo fi Kùránì búra, n ò mọ̀."

"Jáde nílé mi!"

Bàbá Sàlámì kó lọ sí Àpáta. Wọn ò jọ jẹun mọ́. Nígbà tí Bàbá Sàlámì kú, bàbá mi ò lọ sin wọ́n. Ẹnu ọ̀nà ni bàbá mi jókòó sí, wọ́n ń fọ̀pá ha ilẹ̀. Mo gbé omi fún wọn.

Ẹ gbọ́. Ọmọ ìsinyìí á ṣe nǹkan, á jẹ́wọ́, á sùn. Àwa máa ń gbé e mì ni. Kò dáa. Ọ̀rọ̀ tó bá yẹ kẹ́ ẹ sọ, ẹ tètè sọ ọ́. Kì í tutù nínú ikùn.

Màláàmù yẹn, olóòótọ́ ni. Ó ní, "Ojú òsì ẹṣin yìí ò ríran. Ẹ má gùn ún láàárín èrò." Ketekete ló ṣe sọ ọ́. Ká ní wọ́n túmọ̀ ẹ̀ bó ṣe wà ni, bàbá mi ì bá má rà á.

Ògbufọ̀ ló gbé e mì. Èmi ni.