Ojú Irin Tí Mo Fẹ́ Fà Sínú Oko Mi

Wọ́n ti dá ẹjọ́ ikú fún mi. Adájọ́ ní kí wọ́n so mí rọ̀ títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti wà nínú yàrá kótópó yìí. Tí wọ́n bá ti ṣí ìlẹ̀kùn lójijì, àyà mi á já, n ó rò pé àsìkò ti tó. Mi ò kọ èyí kí ẹ lè bá mi bẹ ìjọba. Ohun tí mo ṣe ni mo fẹ́ sọ, nítorí lọ́yà mi ló sọ̀rọ̀ jù nílé ẹjọ́, ohun tó sọ kì í sì ṣe bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an.

Ọmọ Òkè-Ṣọ́pẹ́n ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí. Mo kéré nígbà tí bàbá mi kú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Bùrọ̀dá Gàníyù, ló tọ́ mi. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń gun igi obì. Òun ló ń fi ọ̀kadà rẹ̀ gbé mi lọ sí Àgọ́-Ìwòyè nígbà tí mo wọ yunifásítì. Nígbà tí mo pa ìwé tì lọ́dún kejì, kò bú mi. Ó kàn ní, "Oko bàbá rẹ wà ní Màmú. Wá mú àdá." Oko mi àti tirẹ̀ fara kan ara wọn, pèrègún tí bàbá àgbà wa gbìn ló pààlà wọn.

Ọ̀rọ̀ rélùwéè ló gbé ọkàn mi ṣubú. Àwọn awọnlẹ̀ dé sí Màmú, wọ́n ní ọkọ̀ ojú irin tuntun yóò gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, irú èyí tó ń sáré láàrin Èkó àti Ìbàdàn, kí akẹ́kọ̀ọ́ àti oníṣòwò lè lọ láàárọ̀, kí wọ́n sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n gbà mí síṣẹ́. Èmi ni mò ń ṣán igbó níwájú wọn, èmi ni mò ń ru èèkàn tí wọ́n kùn ní ọ̀dà pupa. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wọn tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, mo sì yọjú wò ó. Inú oko Bùrọ̀dá ni ibùdó ọkọ̀ bọ́ sí. Ojú irin kò tilẹ̀ fara kan tèmi.

Mo ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù nínú ọkàn mi. Mo ń rí ara mi níwájú òtẹ́ẹ̀lì, tí àwọn àgbà ìlú ń pè mí ní Alájì.

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, gbogbo wọn lọ kírun. Mo ní inú ń run mí. Mo fa èèkàn mẹ́ta yọ, mo kọjá ìdí pèrègún, mo sì gbá wọn mọ́ inú oko mi. Mo kó ewé kòkó gbígbẹ bo ihò tí wọ́n ti kúrò. Mo sọ fún ara mi pé igi lásán ni, mi ò jí nǹkan ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọ̀gá wò ó títí.

"Ta ló fọwọ́ kan èèkàn wọ̀nyí?"

Èmi ni mo kọ́kọ́ lanu. "Dòsù ni, sà. Mo rí i níbí."

Dòsù ni ará Kútọnu tó ń bá Bùrọ̀dá roko. Àwọn ọ̀dọ́ lù ú, wọ́n lé e jáde ní Màmú pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu. Bí ó ti ń lọ, ó ń bojú wẹ̀yìn wò mí.

Bùrọ̀dá nìkan ni kò gbà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá mi lóko, ó sì mú mi lọ sídìí ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ti kó ewé kúrò lójú wọn.

"Ìwọ lo ṣe é, àbí?"

"Wallahi, Bùrọ̀dá, èmi kọ́."

"Má fi Ọlọ́run búra èké. Ojú ẹsẹ̀ rẹ nìyí. Ìwọ fúnra rẹ lo máa lọ sọ fún wọn, wàá sì wá Dòsù rí, wàá bẹ̀ ẹ́."

"Gbogbo ìlú á pè mí lólè."

"Kí wọ́n pè ọ́ bẹ́ẹ̀, á sì tán. Ká ní o sọ fún mi pé o fẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, ṣé mi ò ní fún ọ ni? Ta ni mo ní bí kò ṣe ìwọ?"

Ó yí padà, ó ń lọ. Òòlù tí a fi ń gbá èèkàn wà lọ́wọ́ mi. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé èṣù ló tì mí. Mo ti rò ó kí n tó gbé e sókè. Mo gbá a lẹ́ẹ̀kan péré ní ìpàkọ́, ó sì wó lulẹ̀. Mo rò pé ó ti kú. Mo wọ́ ọ wọ abẹ́ kòkó, mo kó imọ̀ ọ̀pẹ bò ó, mo sì lọ wẹ̀ nílé.

Nígbà tó fi máa di ìrun Àsárì, ìyàwó rẹ̀ ti ń sunkún káàkiri. Àwọn ọkùnrin kóra jọ láti wá a. Èmi ni mo ṣáájú wọn. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká gba ọ̀nà odò." Mo mú wọn jìnnà síbẹ̀. Mo ń pariwo, "Bùrọ̀dá o! Bùrọ̀dá Gàníyù!" títí ohùn mi fi há.

Ọjọ́ kẹta ni ọdẹ kan tó rí i. Dókítà sọ ọ́ nílé ẹjọ́ pé kò kú lọ́jọ́ tí mo lù ú. Ó di ọjọ́ kejì kí ó tó kú, ó sì ti fi ọwọ́ wọ́ ara rẹ̀ díẹ̀ lórí ilẹ̀. Bóyá ó gbọ́ ohùn mi nígbà tí mò ń pè é. Bóyá ó rò pé mò ń bọ̀ wá gbé òun.

Ọlọ́pàá mú Dòsù, wọ́n ní ó padà wá gbẹ̀san ni. Nígbà tí wọ́n yọ̀ǹda òkú fún wa, Alfa pè mí. "Ìwọ ni ọkùnrin tó sún mọ́ ọn jù. Wá bá wa wẹ̀ ẹ́." Mo gbé ìkòkò omi. Mo rí erùpẹ̀ tó wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Mo gbé ìkòkò náà sílẹ̀.

"Dòsù kọ́," ni mo wí. "Èmi ni."

"Kí lo wí?"

"Èmi ni mo pa á, Alfa."

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ látìta. Kò lù mí, kò ṣépè. Ó kàn bi mí léèrè pé, "Kí ló ṣe fún ọ?" Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo lọ fa ara mi lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, wọ́n sì tú Dòsù sílẹ̀.

Ọ̀gá àwọn awọnlẹ̀ wá jẹ́rìí. Ó ní, "Èèkàn yẹn, ká lè máa fojú rí ibi tí a dé ni. Inú ẹ̀rọ wa ni ìwọ̀n gan-an wà. Kíákíá la dá wọn padà." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀, nínú àpótí olùjẹ́jọ́ nílé ẹjọ́, pé ojú irin kò ní yẹ̀ síbi kankan nítorí mi, ká ní mo tilẹ̀ pa gbogbo ìlú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Àgọ́-Ìwòyè, nǹkan tuntun yóò máa dé ìlú wa. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn ló máa dúró sí. Ẹ bá a yọ̀. Tí ẹ bá sì ti ṣìṣe, ẹ jẹ́wọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì kéré, tí ẹni tí ẹ ṣẹ̀ ṣì lè bínú sí yín, kí ó sì tún forí jì yín. Ẹni tó bá ń ka èyí, tó mọ̀ pé irọ́ wà láàrin òun àti ẹnì kan, kó dìde lọ bá a lónìí. Kó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, kó sọ ọ́. Ẹni tí mo fẹ́ bẹ̀ kò sí láyé mọ́.