Ẹ̀gúsí Bàbá Ìbejì

Nínú bọ́lẹ̀kájà tó ń ti Igbó-Ọrà lọ sí Èrúwà, opó méjì jókòó níwájú mi, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọgbà ìrántí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wọn, níbi tí olúkúlùkù ti gbin ohun tí òkú rẹ̀ fẹ́ràn.

“Ẹ má bínú, Ìyá Àdùkẹ́. Ẹ̀gúsí tí mo gbìn fún Bàbá Ìbejì ti fà dé ìdí ọsàn ọkọ yín. Mo yí i padà ní Sọ́ńdè, ó tún ti jáde!”

“Ìgbà wo ni Bàbá Ìbejì fìdí mọ́lé nígbà ayé wọn?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí gèlè ọ̀kan fi já bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀.

“Mà á gé e lọ́la.”

“Gé kí ni? Ìrọ̀lẹ́ wo ni wọn ò yà sílé wa? Bí wọn ò bá tíì dé, ọkọ mi ò ní fọwọ́ kan oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kó máa bọ̀, Ìyá Ìbejì. Ọkọ mi á ti máa wọ̀nà.”