Ọtí Tí Mo Gbé Sínú Kọ́bọ́ọ̀dù

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ ní Mọ́kọ́lá, ẹ gbọ́, ọtí tó bá ti òkè òkun wá, wíwò ni wọ́n ń wò ó. Ta ló máa mu ún? Bàbá mi, télọ̀ ni wọ́n, oníbàárà wọn kan ló fún wọn ní ìgò kan. Inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ni wọ́n gbé e sí. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń nù ún. Bí mo bá fọwọ́ kàn án: "Fi sílẹ̀! Ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ la máa ṣí i."

Wọn ò rí ọjọ́ náà… Ọjọ́ ìsìnkú wọn la ṣí i. Àwọn tí kì í kí wọn lójú ọ̀nà ló mu ún tán. Ó dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ wá wo èmi náà! Fúnmi, àbúrò ìyá yín, ti Jàpáánì dé lọ́jọ́ Àìkú, ó gbé ìgò yìí lé mi lọ́wọ́. Sàké ni wọ́n ń pè é, ìrẹsì ni wọ́n fi ń pọn ọ́n. Ó ní bàbá arúgbó kan ló pọn ọ́n, ní abúlé olótùútù kan, níbi tí bàbá bàbá rẹ̀ ti ń pọn ọtí. Ó ní ọwọ́ méjèèjì ni ó fi gbé e fún òun: "Fún bàbá rẹ." Inú mi dùn, mo fò sókè!

Fúnmi ní kí n gbé e sí fíríìjì. Fíríìjì kẹ̀? Ibi tí omi àti ọbẹ̀ wà? Àlejò wo ló máa rí i níbẹ̀? Mo gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àwo olódòdó tí ìyá àgbà yín kó pamọ́ fún àlejò. Mo ní ó di ọjọ́ tí mo bá pé ọgọ́rin ọdún.

Àárọ̀ yìí ni Fúnmi rí i níbẹ̀. Igbe tó ké! "Dádì! Wọn ò gbé ọtí yìí kaná o! Àwọn yòókù ni wọ́n ń gbé kaná kó lè pẹ́. Èyí ṣì wà láàyè, inú òtútù ló gbọ́dọ̀ wà. Ó lè ti bàjẹ́!" Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Àárín yìnyín ló fi gbé e láti abúlé yẹn dé Bódìjà, pálọ̀ mi ni mo wá bà á jẹ́ sí.

Mo ní, "Ṣí i."

"Ọjọ́ ìbí yín ńkọ́?"

"Fúnmi, ṣí i!"

Ẹ̀yin náà gbọ́ bó ṣe dún, àbí ẹ ò gbọ́? Pàù! Ó ń hó! Fúnmi tọ́ ọ wò, ó ní ó ti kan díẹ̀. Kó kan ńkọ́? Ṣé ẹmu ìrọ̀lẹ́ tá à ń mu nígbà náà kì í kan ni? Ó dùn! Ẹ jẹ́ kí n tún sọ ọ́, ó dùn! Mo mu tèmi, mo mu ti bàbá mi mọ́ ọn.

Ẹ̀yin ọmọ ayé òde òní, bí ẹ bá ra nǹkan láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ẹ ti lò ó. Ìwọra ni mo máa ń pè é… Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Àwọn àwo yẹn, ìyá àgbà yín nù wọ́n títí ó fi dágbére fáyé, kò jẹun nínú wọn rí. Àlejò tó ń dúró dè ò dé. Ẹ kó wọn wá. Gbogbo wọn! Ẹ fọ̀ wọ́n. Ìrẹsì ọ̀sán yìí, inú wọn la ti máa jẹ ẹ́.